Kí Yunifásítì Kọ́ Yàrá Àyẹ̀wò Kó Tó Gba Akẹ́kọ̀ọ́ Forensic

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fẹ́ kọ́ forensic ní yunifásítì báyìí, ìyẹn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń tú àṣírí ọ̀ràn fún ilé-ẹjọ́. Inú fíìmù ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ rí i: ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣa fọ́nrán irun kan nílẹ̀, ilẹ̀ kò tíì ṣú, orúkọ ọ̀daràn ti jáde lójú kọ̀ǹpútà. A kò bá ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí wí. Iṣẹ́ tó níyì ni. Àwọn yunifásítì tó ń fi irú àlá bẹ́ẹ̀ fa ojú akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra, tí wọ́n ń ṣí ẹ̀ka forensic láìní yàrá àyẹ̀wò gidi, la fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ibi tí a dúró sí nìyí: yunifásítì tí kò bá lè kọ́ ọmọ ní kẹ́mísírì, bàọ́lọ́jì àti sítátísíìkì (ìṣirò tó ń sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí ohun kan rí bẹ́ẹ̀) dójú àmì, tí kò sì ní irinṣẹ́ tí ọmọ yóò fi ṣe é lọ́wọ́ ara rẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fún ẹnikẹ́ni ní oyè forensic.

Ẹ̀rí tó bá ti yàrá àyẹ̀wò jáde kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀rí mìíràn nílé-ẹjọ́. Agbẹjọ́rò lè da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí tó ní òun rí afurasí lókèèrè lóru. Ṣùgbọ́n bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá dìde, tó ní ẹ̀jẹ̀ ara aṣọ yìí bá ti olùjẹ́jọ́ mu, ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi í.

Bí iṣẹ́ náà bá péye, ó ń gba ẹ̀mí là. Ní 1984, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Alec Jeffreys ní Yunifásítì Leicester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé a lè fi DNA, ohun tó gbé àbùdá ẹni nínú ara, dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọ̀daràn ló ń wá. Bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ ló ń wò. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi gbé ẹjọ́ ọmọbìnrin méjì tí wọ́n pa ní agbègbè náà wá bá a. Ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 17 kan wà ní àtìmọ́lé, ó tiẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun pa ọ̀kan nínú wọn. DNA fi hàn pé kì í ṣe òun. Ní 1988, wọ́n rán ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà gan-an sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹni tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ni sáyẹ́ǹsì yọ!

Ṣùgbọ́n DNA yìí kan náà ti mú ọlọ́pàá rìn gbéregbère. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wá obìnrin kan ní Jámánì, Austria àti Faransé, tí DNA rẹ̀ ń jáde ní nǹkan bí ibi 40 tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tí wọ́n ti pa ọlọ́pàábìnrin kan ní Heilbronn ní 2007. Ní 2009 ni ọ̀rọ̀ tú síta pé kò sí ọ̀daràn obìnrin kankan. Òṣìṣẹ́bìnrin kan nílé iṣẹ́ tó ń ṣe òwú orí igi tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rí ló ni DNA náà. Ó ti wà lára òwú kí ó tó dé ọwọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ti pa kòkòrò ara òwú náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa kòkòrò kì í fi dandan mú DNA kúrò.

Ẹ wo ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ dunjú nínú ìtàn yìí. Bí ó bá mú òwú kan nu àbàwọ́n, kí ó tún mú òmíràn nínú páálí kan náà, èyí tí kò fi kan nǹkan kan, kí ó gbé méjèèjì gba àyẹ̀wò kan náà. Bí DNA bá jáde lára èyí tí kò kan nǹkan kan, kí iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ìlànà yìí kò ju ìlà méjì lọ nínú ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ lè há a sórí, kó sì gba máàkì. Kó mọ́ ọn lára ló ṣòro. Ìyẹn ń gba wákàtí lórí wákàtí nídìí tábìlì àyẹ̀wò, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó gba ẹ̀rí sí, aago tó gbà á, ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí àti ẹni tó gbé e fún. Kò sí olùkọ́ tó lè dúró síwájú pátákó kó fi ẹnu kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ 200 ní èyí.

Ọkàn ẹni tó ń yẹ ẹ̀rí wò náà gba ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú nínú ọkọ̀ ojú irin ní Madrid, olú ìlú Sípéènì, ní 2004, FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, sọ pé ìtẹ̀ka tí wọ́n rí lára àpò ọ̀rá kan bá ti agbẹjọ́rò kan ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, mu. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wà látìmọ́lé kí ọlọ́pàá Sípéènì tó fi hàn pé ti ẹlòmíràn ni. FBI tọrọ àforíjì. Ní 2006, Itiel Dror, onímọ̀ nípa bí ọkàn ṣe ń ronú, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ìwádìí kan: wọ́n gbé ìtẹ̀ka fún àwọn onímọ̀ ìtẹ̀ka márùn-ún, èyí tí àwọn fúnra wọn ti sọ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn pé ó bára mu, wọ́n wá sọ fún wọn pé èyí tí FBI ṣìṣe lé lórí ni. Mẹ́rin nínú wọn yí ohùn padà. Nítorí náà, nínú ìdánwò, kí olùkọ́ fi ìtàn ẹjọ́ pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ̀rí nìkan wà níwájú rẹ̀.

Sítátísíìkì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún, ó sì dùn wá. Ní 2009, National Academy of Sciences, àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Amẹ́ríkà, sọ pé, yàtọ̀ sí DNA, kò tíì sí ọ̀nà forensic kan tí wọ́n ti fi ẹ̀rí tó múná hàn pé ó lè so ẹ̀rí mọ́ ẹnì kan pàtó nígbà gbogbo. Ní 2015, FBI gbà pé àṣìṣe wà nínú ó kéré tán ìdá 90 nínú 100 àwọn ẹ̀rí tí wọ́n tún yẹ̀ wò nínú èyí tí àwọn onímọ̀ irun wọn jẹ́ nílé-ẹjọ́. Irun tó jọ ti olùjẹ́jọ́ ni wọ́n sọ di irun olùjẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ sítátísíìkì ni ì bá bi wọ́n pé: ènìyàn mélòó mìíràn ni irun wọn lè jọ ọ́?

Àwọn kan á ní yàrá àyẹ̀wò wọ́n, pé bí a bá dúró dè é, a kò ní rí ẹni ṣiṣẹ́. Ó wọ́n lóòótọ́. Yunifásítì tí apá rẹ̀ kò bá ká a, kí ó kọ́ ọmọ ní kẹ́mísírì tàbí bàọ́lọ́jì tó yè kooro, kí ọmọ lọ gba oyè kejì nínú forensic níbi tí irinṣẹ́ wà. Rodolphe Archibald Reiss tó dá ilé-ẹ̀kọ́ forensic sílẹ̀ ní Yunifásítì Lausanne, ní Switzerland, ní 1909, kẹ́mísírì ló kọ́kọ́ kọ́.

Kí àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yunifásítì wọ inú yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n tó ka ìwé tí wọ́n kó síwájú wọn. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè: wákàtí mélòó lọ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò nídìí àyẹ̀wò? Àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́? Ta ni nínú àwọn olùkọ́ ló ti jẹ́rìí nílé-ẹjọ́ rí? Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró kí agbẹjọ́rò bi í léèrè lórí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó gboyè? Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn tó gún régé gbà, ẹ gbé fọ́ọ̀mù yín lọ síbòmíràn.