Àtúnṣe: Ìgbín àti akàn kò lè gba ipò omi tuntun

Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn láàárín àwa tí a ń sin ẹja òkun nínú gíláàsì ní Àjàṣẹ́: pé kí èèyàn da ìgbín àti akàn 20 sínú àpótí lítà 40, kò ní pààrọ̀ omi mọ́, àti pé èyí tí wọ́n kó nínú ọ̀sà wa náà dára.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ìgbín ń há nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára gíláàsì, akàn sì ń ṣa oúnjẹ tó ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹun á yàgbẹ́. Náítíréètì, ìdọ̀tí tí kò hàn sójú tí ìgbẹ́ ń dà nígbẹ̀yìn, á máa pọ̀ nínú omi náà ni. Tí wọ́n bá sì pọ̀ ju oúnjẹ lọ, ebi á pa wọ́n, òkú wọn á ba omi jẹ́. Ìgbín tó dojú dé tí kò mira, ẹ gbé e símú: tó bá ti kú, òórùn á sọ fún yín.

Ní ti ọ̀sà, òjò máa ń dín iyọ̀ rẹ̀ kù gan-an. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan. Ẹ̀dá ọ̀sà tí a jù sínú rẹ̀ lójijì lè kú.

Ìgbín òkun mẹ́ta tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Akàn tó ń gbé inú ìkarawun, èmi ò fọkàn tán an: ó lè pa ìgbín kó gba ilé rẹ̀. Ẹ má sì fi oògùn ẹja tó ní bàbà síbẹ̀ rárá.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i pé náítíréètì ń pọ̀, ẹ fi ohun ìwọ̀n rẹ̀ yẹ omi wò lónìí, kí ẹ tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láìpààrọ̀ omi náà.

Ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí yín fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí òun náà.