Irin tàbí ike nínú ọrùn: ọ̀rọ̀ ṣì kù síbẹ̀

Oníròyìn kan kọ̀wé nípa ohun tí dókítà máa ń fi sáàárín eegun ọrùn nígbà iṣẹ́ abẹ, kí eegun lè so pọ̀. Ó gbìyànjú, àmọ́ bó ṣe kọ ọ́ pé irin táítáníọ̀mù dára ju ike tí wọ́n ń pè ní PEEK lọ fún síso eegun ọrùn pọ̀, ó ti yára jù. Òótọ́ ni pé eegun máa ń lẹ̀ mọ́ táítáníọ̀mù dáadáa. Ṣùgbọ́n irin náà le ju eegun lọ fíìfíì, ó sì lè máa rì díẹ̀díẹ̀ wọnú eegun tó gbé e dúró. Ike ní tirẹ̀, X-ray máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, dókítà á rí i bóyá eegun ti so. Àlèébù rẹ̀ ni pé eegun kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun tó dùn mí ni pé kò mẹ́nu kan irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi skúrù dè mọ́ iwájú eegun. Èmi tí wọ́n fi sí lọ́rùn mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà ọ̀fun ló wà níwájú rẹ̀ gan-an! Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oògùn oníhóró kékeré pàápàá ń há mi lọ́fun. Irú èyí tí kò ní irin pẹlẹbẹ níwájú, tó ń jókòó sáàárín eegun pẹ̀lú skúrù tirẹ̀, tí kò yọ síta, máa ń dín wàhálà yìí kù.

Ẹ sì sọ òótọ́ fún dókítà bí ẹ bá ń mu sìgá, torí ó lè má jẹ́ kí eegun so, irin yòówù kí wọ́n fi síbẹ̀.