Bí Ògiri Ò Bá Lanu

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi í gbọ́ ní Adó-Èkìtì níbí. Bí gbájúẹ̀ bá ti gbowó lọ́wọ́ ẹnìkan lórí fóònù, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Oògùn ni wọ́n fi mú un. Bó ṣe gbé ìpè yẹn báyìí lojú rẹ̀ ṣú." Ẹnìkan á ní irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àbúrò ìyàwó òun n'Ìkéré, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wòlíì kiri. Kò sẹ́ni tí yóò bèèrè pé, kí lẹ sọ fún ẹni tó pè yín?

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ta ni kò tíì rí ògiri tó sán, tí aláǹgbá ń mi orí níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo oògùn ọ̀hún dáadáa. Ẹnìkan pè, ó ní báǹkì lòun ti ń pè, pé wọ́n fẹ́ ti BVN yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní báǹkì, pa. Ó pe orúkọ yín, àyà yín já. Ó ní nọ́ńbà kan ń bọ̀ lórí fóònù yín, kẹ́ ẹ kà á sí òun létí. Nọ́ńbà yẹn, OTP tí wọ́n ń wí, ni àṣẹ tí owó ń gbà kó tó jáde. Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín kà á, ẹ tún wá awò ojú kẹ́ ẹ má baà ṣì í kà! Bẹ́ẹ̀ inú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kẹ́ ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Oògùn wo ló wà níbẹ̀? Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀, wòlíì ò lè dá owó dúró. Báǹkì ni kẹ́ ẹ pè lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ti àkáǹtì yẹn, kówó tó ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ti WhatsApp náà kò yàtọ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìyá kan ní Òkèyinmi, olórí ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ rẹ̀, kà á fún ẹni tó ní òun fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí ìpàdé àdúrà orí fóònù. Ká tó wí ká tó fọ̀, WhatsApp ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, "ìyá" sì ti ń tọrọ owó kiri: ẹ yá mi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, n ó dá a padà lálẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń fi ránṣẹ́, torí ìyá kì í tọrọ nǹkan. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló já wọn, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìntì, tí kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́. Ẹnu Èkìtì lẹ ó fi sọ ọ́ o." Kíá, gbájúẹ̀ yẹn ti dí nọ́ńbà rẹ̀ pa. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Nígbà tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gangan, iyán ni ìyá ń gún, kò mọ̀ pé òun ti jẹ gbèsè káàkiri ìjọ. Ìdènà kejì wà nínú WhatsApp, PIN tí ẹ̀yin fúnra yín máa yàn. Ẹ ní kí ọmọ-ọmọ yín fi ibẹ̀ hàn yín, kẹ́yin tẹ̀ ẹ́ fúnra yín.

Àánú àwọn tí ẹ̀rù mú yẹn ṣì ń ṣe mí. Àwọn tí ojúkòkòrò mú ńkọ́? Àgbà ní ẹni tó bá ní òun ó dá wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. MMM, ètò sogún-dogójì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣèlérí èlé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ta ló fẹ́ dá wa láṣọ ọ̀hún? Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, tí MMM rẹ̀ àkọ́kọ́ ti wó lọ́hùn-ún ní 1994, tí ilé ẹjọ́ sì rán lẹ́wọ̀n ní 2007. Ìhòòhò ló wà, a sì na ọwọ́ gba aṣọ. Ní December 2016, wọ́n ti owó pa mọ́ wa lójú. Ẹnu wa ò tíì kúrò níbẹ̀ tí CBEX, sogún-dogójì mìíràn, fi dé, ó ní owó á di ìlọ́po méjì lọ́gbọ̀n ọjọ́. Àwa Èkìtì, tí a ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn! Iṣu wo lẹ gbìn lónìí tẹ́ ẹ wà lóṣù tó ń bọ̀? Ní April 2025 ó wó, àwọn kan ya wọ ọ́fíìsì wọn n'Ìbàdàn, wọ́n ń gbé àga. Orúkọ àwọn tí SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdókòwò, fún níwèé àṣẹ wà lórí ìkànnì wọn, kò sówó tí wọ́n ń gbà kẹ́ ẹ tó wò ó. Ẹ ò wò ó.

Ìwọ tó lọ dúró nínú ìpàdé aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tó ń ju fóònù sókè pé àlẹ́ẹ̀tì ti wọlé, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. O mọ̀ pé wọ́n ń fún ọ lówó lórí gbogbo ẹni tó o bá mú wá. Opó tó fi owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ sí i, ìwọ lo bá a tẹ fóònù. Yọ owó tó o jẹ lórí rẹ̀, kó o gbé e lọ fún un nílé, kó o tó tún wá dìde sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé.