Èsì wa sí aunty tó fún wa ní sítáà 2 torí síkáànù oyún

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ma. A ka gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ kọ, pé a ní kẹ́ ẹ mu omi títí ikùn yín fi le bí ìlù, ẹ jókòó fún wákàtí kan àtààbọ̀, ìgbà tẹ́ ẹ wá wọlé tán la tún ní kẹ́ ẹ lọ tọ̀ ọ́ dànù, pé abẹ́ la máa gbà ṣe é, ẹni tó ń ṣe é ò sì bá yín sọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má bínú. Ẹ̀bi wa ni. Ó yẹ ká ti ṣàlàyé fún yín níta kẹ́ ẹ tó bọ́ṣọ, ká sì bi yín bóyá ẹ fẹ́, torí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá.

Omi yẹn ló máa ń ti ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rọ lè rí ilé ọmọ látorí ikùn. Ṣùgbọ́n oyún ọ̀sẹ̀ 7 bíi tiyín yìí, ọmọ ò tíì ju hóró ẹ̀wà kan lọ, èèyàn lè tẹ ikùn títí kó má rí i, ìyẹn ni wọ́n fi lo ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń gba abẹ́ fi wò ó yẹn, kọ́ńdọ́ọ̀mù tuntun ni wọ́n fi ń bò ó, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì sí i, kì í wọ inú ilé ọmọ rárá, kì í ba oyún jẹ́, kì í sì í ṣe x-ray. Òun ò sì fẹ́ ìtọ̀ nínú. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń wo fáíbírọ́ìdì àti ilé ẹyin fáwọn tí ò lóyún.

Ti dídákẹ́ yẹn, ẹni tó ń ṣe síkáànù ń wọn ọmọ láti orí dé ìdí ni, tó bá fi mìlímítà kan ṣì í, ó ti tó ọjọ́ kan tó máa yí nínú ọjọ́ orí oyún. Àmọ́ tó bá ti wọ̀n ọ́n tán, ó yẹ kó yí tẹlifíṣọ̀n sọ́dọ̀ yín kẹ́ ẹ rí ọkàn ọmọ yín tó ń ṣẹ́jú wéréwéré bí iná kékeré. Ìyẹn dùn wá gan-an pé ẹ ò rí i.

Ọjọ́ ìbímọ tí wọ́n kọ sínú ìwé èsì síkáànù yìí ni kẹ́ ẹ dì mú o, èyí tí síkáànù ìparí oyún bá sọ kì í ṣe déédéé tó o. Ọkùnrin àbí obìnrin, ó dọ̀sẹ̀ 18 sí 22, ìgbà yẹn la máa wo orí, ẹ̀yìn, ọkàn àti ibi tí ibi ọmọ wà, kẹ́ ẹ mú ìwé yìí dání, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé obìnrin lẹ fẹ́ kó ṣe é, a ní wọn. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí inú ń run yín gidi kó tó dìgbà yẹn, ẹ má dúró dè wá, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọrí sí lójú ẹsẹ̀.