Ìdá 60 yàtọ̀ sí owó àtijẹ

Ẹ̀yin ará, mo rí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń pín kiri pé Jámánì ń san ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà kò síyà. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà.

Ìdá 60 jẹ́ òótọ́ (67 ni fún ẹni tó lọ́mọ), àmọ́ owó tó kù lẹ́yìn owó orí ni wọ́n ń wò.

Ẹni tó ń mú yúrò 1,500 relé yóò rí bíi 900. Onílé ò ní tìtorí ìyẹn dín owó ilé kù. Ẹni tó ń mú 3,000 relé á rí bíi 1,800, ìyẹn ṣì lè mí díẹ̀.

Ẹ ṣírò tiyín lórí ìkànnì Bundesagentur für Arbeit (àjọ ìjọba Jámánì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́), kí ẹ yọ owó ilé kúrò, kí ẹ wo ohun tó kù.