Ó Jinlẹ̀, Ó Ń Hanrun

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó lajú jù láwùjọ lóde òní, ẹ má wulẹ̀ béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ bi wọ́n léèrè fíìmù agbanipa tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá dárúkọ èyí tí wọ́n ti pa ogójì ènìyàn kí gúgúrú tó tutù, ará oko ni. Ẹni tó bá dárúkọ èyí tí agbanipa ti mu kọfí, tó wo òkè, tó tún wo òkè, tó wá mí kanlẹ̀, ẹ dìde fún un, ẹ gbé àga sí i: ọ̀jọ̀gbọ́n ti wọlé.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má wo ohun tó wù ú. Ṣùgbọ́n mo ti ń fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran lórí irú fíìmù yìí láti ìgbà tí The American ti jáde lọ́dún 2010, ohun tí mo sì rí ni pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ fíìmù níbẹ̀. Ara wọn ni wọ́n ń polówó. Ẹgbẹ́ kan ń ta sùúrù, ẹgbẹ́ kejì ń ta ìkánjú, kálukú wọn ló sì ń pariwo pé ojúlówó ni tòun.

Ẹ jẹ́ ká fi The American yẹn náà ṣe ẹ̀rí. Anton Corbijn ló darí rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó jẹ́ pé iṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n kó tó bọ́ sídìí fíìmù. Òun ló máa ń ya àwọn olórin bíi U2 àti Depeche Mode. George Clooney ni agbanipa. Wọ́n fẹ́ pa á nínú yìnyín ní Sweden, ó sá lọ sí Róòmù, ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ fara pamọ́ sáàárín àwọn òkè Abruzzo. Castel del Monte, ìlú kékeré kan tí wọ́n fi òkúta kọ́ sórí òkè, ló sá sí. Kí ló wá ṣe níbẹ̀? Ó mu kọfí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń fi apá gbé ara rẹ̀ sókè sódò. Ó bá Fadá sọ̀rọ̀. Ó to ìbọn fún obìnrin kan. Ó lọ kí obìnrin mìíràn nílé aṣẹ́wó. Ó tún mu kọfí. Gbogbo rẹ̀ gba ìṣẹ́jú 105.

Kí ẹ tó bú àwọn ará Amẹ́ríkà tó bínú jáde, ẹ rántí ìpolówó tí wọ́n fi pè wọ́n wọlé. Gbogbo ìbọn tó dún nínú fíìmù náà, gbogbo eré tí ẹnikẹ́ni sá, wọ́n ṣà wọ́n jọ sójú kan, bí olóúnjẹ ṣe máa ń kó gbogbo ẹran ìkòkò sókè ọbẹ̀ kí oníbàárà má bàa kọjá lọ. Àwọn oníbàárà yà wọlé lóòótọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tó sì di òpin ọ̀sẹ̀ ọlidé àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀, òun ló pawó jù ní gbogbo sinimá Amẹ́ríkà. CinemaScore, ilé iṣẹ́ tó máa ń gba máàkì lọ́wọ́ òǹwòran lẹ́nu ọ̀nà sinimá ní alẹ́ àkọ́kọ́, gba máàkì tiwọn: D, wọ́n tún yọ díẹ̀ kúrò nínú D ọ̀hún. Nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, Roger Ebert, lámèyítọ́ tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù, fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú mẹ́rin.

Ibẹ̀ nìjà ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Dá-Owó-Mi-Padà. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀: wọ́n ti fi àkókò àwọn ṣòfò. Àkókò wo? Ẹ̀yin kan náà tí ẹ ń dúró sídìí oníwèé ìròyìn láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí ẹ kò ra ìwé ìròyìn, tí ẹ fi odindi wákàtí méjì jiyàn lórí pẹnáritì tí rẹfirí kò fún Arsenal! Ẹ̀yin kan náà lẹ ń wo fíìmù tiwa nílé. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé ẹnu géètì, ó fọn fèrè. Mégádì yọjú, ó padà lọ mú kọ́kọ́rọ́. Géètì ṣí. Ọkọ̀ wọlé, ó rọra yípo, ó dúró. Dẹ́rẹ́bà sọ̀kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bàtà Madam kọ́kọ́ jáde, Madam tẹ̀lé e. Ó rìn wọ pálọ̀, ó jókòó. Ọmọ ọ̀dọ̀ ní ṣé kí òun gbé omi wá, Madam ní rárá. Apá kejì ń bọ̀ lọ́nà. Kò sẹ́ni tó béèrè owó padà. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó kan mu ife kọfí méjì péré, ẹjọ́ dé.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni mo pè ní ẹjọ́. Lọ́dún 2011, obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Michigan pe àwọn tó gbé fíìmù Drive jáde lẹ́jọ́, nítorí pé ìpolówó mú òun gbà pé eré àsápajúdé lòun ń lọ wò, àfi bí òun ṣe débẹ̀ tí ọkọ̀ kò sáré tó. Fíìmù yẹn náà fẹ́ràn kó máa dákẹ́. Tèmi ni pé n kò bú obìnrin náà. Ó sanwó nítorí ọkọ̀, kò rí ọkọ̀, ó lọ sí kóòtù. Ó mọ ohun tó ń dùn ún, ó sì sọ ọ́ láìfi orúkọ ọ̀mọ̀wé kankan lé e lórí. Ká ní gbogbo wa lè sọ ohun tó ń dùn wá báyẹn ni, ǹ bá tí kọ àròkọ yìí.

Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kejì gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹgbẹ́ Ó-Jinlẹ̀ kì í sọ pé fíìmù dùn. Ẹnu mẹ̀kúnnù ni "ó dùn" wà. Àwọn ní ó jinlẹ̀, wọ́n a sì wo òkèèrè bí wọ́n bá sọ ọ́ tán. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí ìfun èèrà. Àwọn ará ibí ti rí ìfun, wọ́n ti rí ẹ̀dọ̀, wọ́n ti ń wá ìwé ìbí èèrà. Ẹ mú labalábá inú The American wò. Agbanipa ní àwòrán labalábá tí wọ́n fín sí i lára, òmíràn fò kọjá nínú igbó, òmíràn tún fò ní ìparí. Ọ̀kan nínú wọn ní ọkàn ẹ̀dá ni. Ìkejì ní òmìnira ni. Ìkẹta, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìkejì ló ti gbọ́, ní ìbànújẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ni. Kò sẹ́ni tó gbà pé ọkùnrin kan lè fẹ́ràn labalábá lásán. Ṣebí àwọn baba wa ti sọ nípa labalábá tó fi ara rẹ̀ wẹ́yẹ pé kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Mo sì rò pé àwọn lámèyítọ́ ọ̀sán kan òru kan yìí ni wọ́n ń bá wí.

Baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ yìí ni Le Samouraï, tí Jean-Pierre Melville ṣe ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1967. Alain Delon ló ṣe agbanipa, òun àti ẹyẹ kan nínú àgò ló ń gbé yàrá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Fíìmù náà dára, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, wọ́n kọ gbólóhùn kan sójú rẹ̀ nípa bí jagunjagun Japan ṣe ń dá wà bí ẹkùn nínú igbó, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé inú ìwé Bushido, ìlànà àwọn jagunjagun náà, ló ti wá. Áà! Ẹ wo bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe gbé gbólóhùn yìí rìn. Mo mọ ọkùnrin kan tó máa ń fi í dáhùn bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í pé ibo ló sùn mọ́jú. Melville ló dá a kọ fúnra rẹ̀. Kò sí nínú ìwé Japan kankan. Páríìsì ni wọ́n ti se ọgbọ́n àtayébáyé ìlà oòrùn, gbígbóná ni wọ́n sì bù ú fún wa.

Bí ọba bá sì ní akígbe, ó yẹ kí ẹgbẹ́ náà ní oríkì. Mo bá wọn kọ ọ́:

Ọ̀jọ̀gbọ́n a-wo-fíìmù-má-rẹ́rìn-ín,
Ọmọ a-sùn-lójú-ìran-jí-lójú-àlàyé,
Kò rí ìbọn, ó rí ìtumọ̀ ìbọn,
Kò mọ orúkọ agbanipa,
Ó mọ ohun tó ń jẹ agbanipa lọ́kàn.
Ó hanrun tán, ó nu itọ́ ẹnu,
Ó ní ìdákẹ́jẹ́ inú rẹ̀ wú òun lórí púpọ̀.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni sùúrù tí wọ́n ń tà yẹn. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú kan péré, ẹ ń sọ bí ara ìyá yín ṣe rí. Ìlọ́po méjì ni wọ́n fi ń sáré gbọ́ ọ, ohùn yín á máa dún tín-ín-rín létí wọn. Netflix pàápàá ní ibi tí ènìyàn ti lè mú fíìmù sáré dé ìlọ́po 1.5. Mo ti ká ọmọ ẹgbẹ́ Ó-Jinlẹ̀ kan mọ́ ibẹ̀ rí. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń mú sáré. Ó ní òun ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Fíìmù tó ń wò lọ́jọ́ náà ni The Killer, tí David Fincher ṣe lọ́dún 2023. Nínú ọ́fíìsì òfìfo kan ní Páríìsì ni Michael Fassbender jókòó sí, ó ń ṣọ́ ilé tó wà lódìkejì títì. Ó ń wàásù fún ara rẹ̀ nínú ọkàn: kò gbọ́dọ̀ yà kúrò lórí ètò, kò gbọ́dọ̀ ṣàánú ẹnikẹ́ni, kò gbọ́dọ̀ gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó ṣe yóògà. Ó ra oúnjẹ, ó jẹ inú rẹ̀, ó sọ búrẹ́dì nù. Ó tún wàásù. Lẹ́yìn gbogbo ìlànà àti ìkóra-ẹni-níjàánu yìí, ó yìnbọn, ó tàsé. Ẹlòmíràn nìbọn bà. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, àwọn aláfaradà tó ń ka òfin fún ara wọn ni Fincher fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹgbẹ́ Ó-Jinlẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kọ àwọn òfin náà sínú ìwé. Lára wọn, mo rí àwọn tó ń béèrè owó wọn padà lọ́dún 2010 nítorí Clooney. Nígbà tí àṣà yí, àwọn náà yí, wọ́n ní àwọn ti mọ iyì ìdákẹ́jẹ́ tipẹ́.

Mo mọ ohun tó fà á. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ẹni tó ti jókòó wákàtí méjì nínú òkùnkùn, tí itan rẹ̀ ti kú, tí gúgúrú ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí agbanipa ṣì ń pààrọ̀ ẹ̀wù, kò lè bọ́ sí títì kó ní òfo lòun bá dé. Ẹran ńlá ló pa. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i ni ojú yín kò mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ẹran wà nínú igbó ọ̀hún. Nínú The American, ibi tí agbanipa ti ń to ìbọn ni mo lè wò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó lọ sí gáràjì mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Fabio, ó ṣa irin àlòkù tó wúlò fún un, ó gbé e délé, ó ń gé e, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń fi àyùn ha á títí ó fi di ohun tí wọ́n ń fi bo ariwo ìbọn mọ́lẹ̀. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ gba àkókò, kámẹ́rà náà sì fún un ní àkókò. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ìdí ìfẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Clara, aṣẹ́wó, mo ti ń yẹ aago wò. Ọkùnrin tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀dá kankan, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa obìnrin tí wọ́n jọ wà ní Sweden, ẹ̀rín kan báyìí ló mú un so ìbọn kọ́? Ẹgbẹ́ méjèèjì kò bá mi sọ èyí rí. Ìgbà tí èmi bá ní kí á sọ̀rọ̀ Fabio, wọ́n ti padà sórí labalábá.

Ẹnì kan tí mo rí tó wo fíìmù náà bí fíìmù ni Màmá Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, nígbà tí wọ́n wá kí wa. Wọn kì í dákẹ́ bí wọ́n bá ń wo nǹkan. Wọ́n ní, "Ẹni tí wọ́n ń wá pa ló ń jókòó síta mu tíì lójoojúmọ́?" Wọ́n ní, "Ìlú tí kò ju oko lọ yìí, àjèjì wọ̀ ọ́, kò sí arúgbó kan tó béèrè pé ọmọ ta ni?" Nígbà tó hàn pé Fadá ló bí Fabio, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní wọ́n ti fura láti ìgbà tí ó ti ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ jù. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, n kò rí i lẹ́nu lámèyítọ́ kankan.

Ọ̀rẹ́ mi kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ Ó-Jinlẹ̀ ní àdúgbò wa, wà níjókòó. Ó ti ń mí kanlẹ̀ láti ìgbà tí Màmá ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí agbanipa fi ọgbẹ́ wa ọkọ̀ dé etí odò, tó dojú bo ọwọ́ ìdarí, tí labalábá fò lọ, Màmá ní, "Mọ́tò yẹn ńkọ́? Ta ni yóò wá gbé e?"

Ọ̀rẹ́ mi kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, kì í ṣe mọ́tò lásán. Ọkàn ẹ̀dá ni mọ́tò yẹn dúró fún."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ọkàn ẹ̀dá ọ̀hún, ṣé patíkúlà rẹ̀ pé?"