Ṣé bí fíìmù yẹn ṣe fi Alma Rosé hàn ló rí lóòótọ́?

AwoFíìmùÀtijọ́: Ẹ̀yin ará, mo wo Playing for Time tán lálẹ́ àná, mi ò rí oorun sùn. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, fíìmù tẹlifíṣọ̀n ni, CBS ló gbé e sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà ní September 1980, Arthur Miller ló kọ ọ́ látinú ìwé tí Fania Fénelon kọ nípa ohun tójú ẹ̀ rí. Akọrin ni Fania ní Paris kí àwọn Násì tó kó o lọ sí Auschwitz-Birkenau, kám̀pù tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù ní Pólàńdì, ní January 1944, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un sínú ọkẹ́sírà àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n. Vanessa Redgrave ló ṣe Fania, ó fá orí kodoro torí iṣẹ́ yẹn. Jane Alexander ló ṣe Alma Rosé tó ń darí ọkẹ́sírà. Ẹ gbọ́ o, obìnrin Alma yẹn burú! Wọ́n ń pa èèyàn lọ́ọ̀ọ́kán, òun ń gbá ẹlẹ́wọ̀n bíi tiẹ̀ létí torí pé ó ṣi orin ta, gbogbo ohun tó ká a lára ò ju kí inú àwọn SS, ìyẹn ọmọ ogun Násì tó ń ṣọ́ kám̀pù, dùn sí orin ẹ̀ lọ. Mi ò lè fojú ire wo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí lẹ̀yin rí sí i?

Gbádùn_TV: Mo rántí fíìmù yẹn! Ṣebí òun náà ni wọ́n ṣèwọ́de lé lórí torí pé Redgrave ń ti àwọn ará Palẹ́sìtáìnì lẹ́yìn? Fania fúnra ẹ̀ ní òun ò fẹ́ kó ṣe òun.

AwoFíìmùÀtijọ́: Òun ni. Ó ṣe é náà, ó sì gba Emmy, àmì ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, Jane Alexander náà gbà á, Miller náà gbà á. Ọ̀rọ̀ Alma ni ká sọ jàre.

Tíṣà Ìtàn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Awo. Fíìmù yẹn dáa, mi ò bá yín jiyàn ìyẹn, àmọ́ ẹ má fi fíìmù dá òkú lẹ́jọ́. Àwọn tó bá Alma gbé inú búlọ́ọ̀kù, ilé tí àwọn olórin ń sùn ní kám̀pù, tí wọ́n yọ láàyè, púpọ̀ nínú wọn ló bínú sí ìwé Fania àti fíìmù yìí. Anita Lasker-Wallfisch tó ń ta sẹ́lò níbẹ̀ sọ ọ́ léraléra pé Alma kọ́ ni wọ́n ń fi hàn wá yẹn, pé obìnrin iyì ni, ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n líle ẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn wà láàyè. Wọ́n ní ìwé náà tún ba àwọn obìnrin tó kù lórúkọ jẹ́, ó sọ wọ́n di oníjà àti ẹni tó ń fi ara wá oúnjẹ. Ẹ wò ó, ẹ má gbàgbé ibi tí Alma ti wá o. Bàbá ẹ̀ ni Arnold Rosé tó jẹ́ olórí àwọn onífayolín ní ọkẹ́sírà Vienna Philharmonic, Gustav Mahler, gbajúmọ̀ tó ń kọ orin, ni arákùnrin ìyá ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ní ẹgbẹ́ olórin obìnrin tiẹ̀ ní Vienna láti 1932. Ó ti sá dé London pẹ̀lú bàbá ẹ̀, iṣẹ́ orin ló gbé e padà lọ sí Holland, ogun ká a mọ́bẹ̀, wọ́n mú un ní Faransé, July 1943 ló dé Auschwitz. Ẹ sì mọ ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sí? Block 10, níbi tí àwọn dókítà ti ń fi ara obìnrin dánra wò. Wọ́n dá a mọ̀ níbẹ̀, wọ́n wá fayolín fún un, látibẹ̀ ni Maria Mandl, obìnrin SS tó ń ṣe olórí kám̀pù àwọn obìnrin, ti mú un lọ darí ọkẹ́sírà ní Birkenau.

Adarí Kúáyà: Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an. Èmi ń darí kúáyà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó pẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹ wo ohun tí wọ́n fà lé obìnrin yẹn lọ́wọ́, máńdólìn, gìtá, àkọ́díọ̀n, fayolín díẹ̀, ìlù, àwọn ọmọdébìnrin tí púpọ̀ nínú wọn ò ṣe iṣẹ́ orin rí láyé wọn, ebi ń pa wọ́n, kò sí ìwé orin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ tẹni kọ̀ọ̀kan, àwọn orin kan wà tó jẹ́ pé látinú orí ẹni ni wọ́n ti ń wá a jáde. Kí irú ọkẹ́sírà bẹ́ẹ̀ wá ta orin tó máa wu àwọn SS tó ti ń gbọ́ orin gidi láti kékeré! Tí kò bá wù wọ́n ńkọ́? Mandl á ní kí wọ́n tú wọn ká, wọ́n á padà síta lọ máa ru òkúta, ẹni tó bá ń ru òkúta níbẹ̀ kì í pẹ́. Ẹ wá ní kó máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ṣi nóòtù. Èmi tí mi ò bá ẹnikẹ́ni du ẹ̀mí, mo máa ń jágbe mọ́ àwọn sopránò mi.

AwoFíìmùÀtijọ́: Adarí, jágbe yàtọ̀ sí gbá létí o.

Adarí Kúáyà: Ó yàtọ̀, mo gbà. Mi ò ní kó gbá ẹnikẹ́ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ mọ ìdí.

Ọmọ Àyàn: Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí, ó jọ pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yíká ohun tó wà nílẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ tí ọkẹ́sírà yẹn ń ṣe ńkọ́? Àràárọ̀ ni wọ́n ń jókòó sẹ́nu géètì tí wọ́n ń lu máàṣì kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n lè to lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí àwọn SS lè kà wọ́n dáadáa bí wọ́n ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, tó bá dìrọ̀lẹ́ wọ́n tún lù ú bí wọ́n ṣe ń padà tí àwọn kan ń gbé òkú ẹgbẹ́ wọn bọ̀. Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí. Ìlù tí wọ́n fi ń ti èèyàn lọ síbi ikú, ẹni tó mú ọ̀pá ìlù dání níbẹ̀ ò lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Primo Levi, ará Ítálì tó wà ní Monowitz, ibòmíì ní Auschwitz níbẹ̀ náà, kọ ọ́ pé àwọn máàṣì yẹn ni ohun tí àwọn máa gbàgbé kẹ́yìn nínú kám̀pù, torí pé òun ni ohùn kám̀pù fúnra ẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi.

ÌyáÌbejì_Peckham: Ọmọ Àyàn, ọmọ mi, mo gbọ́ ẹ, ọ̀rọ̀ ẹ dùn mí lọ́kàn torí pé òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ta ló mú ọ̀pá ìlù yẹn fúnra ẹ̀? Mo ti gbọ́ ohùn Anita lórí rédíò níbí torí pé London ló wá gbé lẹ́yìn ogun, ó wà lára àwọn tó dá English Chamber Orchestra sílẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ rèé. Wọ́n ti bọ́ ọ síhòòhò, wọ́n ti fárí ẹ̀, wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí i lápá, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nìkan ló kù lọ́wọ́ ẹ̀, ọmọdébìnrin ẹlẹ́wọ̀n tó ń fá a lórí bi í pé kí ló ń ṣe kó tó débẹ̀, ó ṣáà ní sẹ́lò lòun ń ta. Ìyẹn yọ̀, ó ní wọ́n máa dá ẹ̀mí ẹ sí, wọ́n lọ pe Alma. Wọn ò ní ohùn ìsàlẹ̀ kankan nínú ọkẹ́sírà yẹn tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni. Ṣé kó ní rárá, òun ò ní ta á?

Ọmọ Àyàn: Mummy, mi ò ní kó kú. Ọmọ ọdún 18, kí ló fẹ́ ṣe. Adarí wọn ni mò ń sọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Lórí dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ tí wọ́n fi kó àwọn èèyàn wa lọ sí Brazil àti Cuba, wọ́n ń fi kòbókò lé wọn jó kí ara wọn lè le kí wọ́n tó tà wọ́n, wọ́n sì máa ń mú ìkan nínú wọn pé kó lulù. Ta ló máa pe onílù yẹn ní ọ̀dàlẹ̀?

Ọmọ Àyàn: Kò sẹ́ni tó máa pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ onílù yẹn ò gbá ẹnikẹ́ni létí pé kò jó dáadáa. Ẹ jẹ́ ká fi tiwa sílẹ̀, Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tàwọn Júù là ń sọ, wọ́n pa bíi 1,100,000 èèyàn ní Auschwitz nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ló jẹ́ Júù. Ẹ jẹ́ kí tiwọn dá dúró.

Tíṣà Ìtàn: Ọ̀dọ́kùnrin, o mọ nǹkan tó ò ń sọ, mo fẹ́ràn ẹ. Jẹ́ kí n sọ méjì fún ẹ. Wọ́n fi sítóòfù àti pákó ilẹ̀ sínú búlọ́ọ̀kù àwọn olórin, kì í ṣe torí àwọn obìnrin yẹn o, torí kí ọ̀rinrin má ba àwọn fayolín àti gìtá jẹ́ ni. Igi ló níyì, èèyàn ò níyì! Àwọn obìnrin yẹn wá ń sùn níbi tó gbóná torí pé irinṣẹ́ orin wà níbẹ̀, nínú òtútù Pólàńdì yẹn, ìyẹn nìkan tó ohun tó ń gba ẹ̀mí là. Alma mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó dẹ̀ lò ó. Tí ibà tífọ́ọ̀sì bá mú ẹnì kan nínú wọn, kì í yọ orúkọ onítọ̀hún kúrò, ó máa ń dúró dè é. Ìkejì, Anita fúnra ẹ̀ ṣàìsàn yẹn, nígbà tó dé kò ta sẹ́lò dáadáa, ojú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì, etí ẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa, Alma ní kó máa fi orúnkún kúnlẹ̀ fọ ilẹ̀ búlọ́ọ̀kù fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó bínú sí Alma gan-an nígbà yẹn, kò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló dàgbà tó ń sọ pé Alma ṣe é tó jẹ́ pé bóyá àwọn ta nóòtù yẹn re ló ń jẹ àwọn lọ́kàn, tí àwọn ò ráyè máa wo èéfín ibi tí wọ́n ti ń sun òkú tó ń jáde níwájú. Ẹni tó kúnlẹ̀ fọ ilẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Ta ni àwa?

AwoFíìmùÀtijọ́: Tíṣà, mo gbọ́, ó wọ̀ mí lára. Àmọ́ Fania náà wà níbẹ̀! Ojú ẹ̀ ló fi rí i, òun náà jẹ nínú ìyà yẹn. Kí ló dé tó jẹ́ ti Anita la máa gbà tí a ò ní gba ti Fania? Àwọn tó yè náà ò kúkú fẹnu kò. Esther Béjarano tó ń ta àkọ́díọ̀n níbẹ̀ sọ pé àwọn máa ń ta orin bí rélùwéè ṣe ń kó àwọn èèyàn tuntun dé, àwọn yẹn á máa juwọ́ sí wọn torí wọ́n rò pé ibi tí orin bá wà kò lè burú. Àwọn míì nínú ọkẹ́sírà kan náà ní kò sígbà kankan tí wọ́n ní kí àwọn fi orin pàdé ẹnikẹ́ni, pé orin géètì tàbí ti rìhásà lẹni tó bá dé máa gbọ́. Ta ló ń purọ́ níbẹ̀? Kò sí. Bí ẹ̀rù ṣe rí nìyẹn, kálukú rántí tiẹ̀.

ÌyáÌbejì_Peckham: Esther yẹn! Kò ta àkọ́díọ̀n rí láyé ẹ̀ o, pianó ló mọ̀. Òkúta ló ń rù, ó gbọ́ pé wọ́n ń wá olórin, àkọ́díọ̀n ni wọ́n gbé fún un, ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún mọ́ kíì tó jọ ti pianó, ọwọ́ òsì ń táràrà wá bọ́tìnì títí ó fi rí èyí tó bá orin mu. Ó kú ní 2021, ọmọ ọdún 96, ó ń kọrin lòdì sí àwọn Násì tuntun ní Jámánì títí ọjọ́ alẹ́ ẹ̀, àwọn ọmọ ráàpù ló ń bá kọrin.

Tíṣà Ìtàn: Awo, ìbéèrè yín dáa, ẹ jẹ́ kí n fèsì tààrà. Fania ní ẹ̀tọ́ láti sọ tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kò jìyà. Ohun tó ń dùn àwọn tó kù ni pé ó yí orúkọ àwọn kan padà nínú ìwé ẹ̀, Miller náà sì lè yí tàwọn tó kù padà nínú fíìmù, àmọ́ Alma Rosé ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ gedegbe. Alma ò sì lè dáhùn. April 1944 ló kú nínú kám̀pù, ó jẹun níbi ọjọ́ ìbí kan, àìsàn dé lójijì, ó kú. Nínú fíìmù wọ́n ní obìnrin kan tó ń jowú ẹ̀ ló fún un ní májèlé jẹ, tí àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìgbà náà ò sì rí ẹ̀rí ẹ̀, oúnjẹ tó bàjẹ́ ni wọ́n fura sí jù. Bàbá ẹ̀ wà ní London nígbà yẹn, ó ń retí lẹ́tà.

Gbádùn_TV: Háà. Bàbá ẹ̀ ò mọ̀?

Tíṣà Ìtàn: Lẹ́yìn ogun ló tó gbọ́. 1946 lòun náà kú.

Ọmọ Àyàn: Àwọn tó kù nínú ọkẹ́sírà wá ńkọ́ lẹ́yìn tó kú?

Tíṣà Ìtàn: Wọ́n fi ẹlòmíì sípò ẹ̀, kò tó o, orin wọn lọ sílẹ̀. November 1944 ni wọ́n kó àwọn Júù inú wọn lọ sí Bergen-Belsen. Kò sí ọkẹ́sírà níbẹ̀, ebi àti tífọ́ọ̀sì nìkan. Àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì dé ní April 15, 1945, Fania ń ṣàìsàn dé ojú ikú, wọ́n gbé máíkì BBC fún un, ó kọrin. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ọkẹ́sírà ló yè, kò wọ́pọ̀ ní Birkenau kí ẹgbẹ́ èèyàn kan yè tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Àyàn: Ẹ̀yin àgbà, mo gbà pé Alma ló gbà wọ́n là. Èmi ò ní sọ pé orin yẹn mọ́. Èyí tí Levi sọ ṣì wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ máàṣì yẹn látìta kì í ṣe inú búlọ́ọ̀kù tó gbóná ni wọ́n ń padà sí.

Adarí Kúáyà: Mo fara mọ́ ẹ níbẹ̀, Àyàn. Àmọ́ ẹni tó yan orin yẹn ni kí ẹ bi. Mandl ni, wọ́n yẹgi fún un ní Kraków ní January 1948. Mengele, dókítà SS ní Auschwitz, ni, tó wọlé tó ní kí Anita ta orin Träumerei ti Schumann fóun, tí ọmọ yẹn sáré ta á kó lè tètè jáde. Àwọn yẹn ló mọ orin dáadáa, wọ́n jókòó gbọ́ ọ, wọ́n dìde lọ pààyàn. Alma kọ́.

AwoFíìmùÀtijọ́: Mo ṣì ní kí gbogbo èèyàn wo fíìmù yẹn, mi ò yí i padà, ojú Redgrave nínú ẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Àmọ́ ó yẹ kí ẹnì kan ṣe ti Alma náà.

ÌyáÌbejì_Peckham: Tó bá wù wọ́n kí wọ́n ṣe é lọ́la. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti Block 10 o, níbi tó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá fayolín fóun, torí pé ó rò pé ọ̀la lòun máa kú.

Tíṣà Ìtàn: Kí wọ́n sì fi Anita tó ń fọ ilẹ̀ sí i. Kí wọ́n má yọ ọ́.

Adarí Kúáyà: Kí wọ́n wá onífayolín gidi ṣe Alma, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe ẹni tó ń fọwọ́ gbá afẹ́fẹ́.